Olórin tí òkìkí rẹ̀ pẹ́ kó tó dé kì í ṣe aláìlẹ́bùn

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin wa ní Ìlọrin láìpẹ́ yìí, ẹnìkan tún sọ pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa jẹ́ ṣámúṣámú, pé atẹdùùrù tí a kò gbúròó rẹ̀ kó tó pé ogójì ọdún kò lẹ́bùn. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Òwe náà ò dá ọjọ́ tí ayé yóò mọ ẹnikẹ́ni.

Rubén González, atẹdùùrù ọmọ Kúbà tí wọ́n bí ní 1919, jáde ilé ẹ̀kọ́ orin ní Cienfuegos ní 1934, ó bá Arsenio Rodríguez, olórí ẹgbẹ́ olórin ní Kúbà, ṣeré ní àwọn ọdún 1940, ó sì pẹ́ gan-an nínú ẹgbẹ́ olórin tí Enrique Jorrín jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, níbi tí òkìkí ti ń jẹ́ ti ọ̀gá. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ gba Buena Vista Social Club, àwo orin àwọn àgbà olórin Kúbà, sílẹ̀ wá a kàn ní Havana ní 1996, ó ti fẹ̀yìn tì, kò sì ní dùùrù nílé mọ́, nítorí kòkòrò ti jẹ èyí tó ní. Láràárọ̀ ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbohùnsílẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gba àwo rẹ̀ tó jáde ní 1997 sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 1998, ó ń tẹ dùùrù ní Carnegie Hall, gbọ̀ngàn orin olókìkí ní New York, ẹni ọdún 79. Ṣé 1996 ni ẹ̀bùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni? Ibrahim Ferrer, akọrin tí òun àti González jọ ṣeré nínú àwo náà, ń dán bàtà jẹun nígbà tí wọ́n lọ pè é. Ní ọdún 2000, ó gba àmì ẹ̀yẹ Latin Grammy ti olórin tuntun, ẹni ọdún 73. Nílẹ̀ wa níbí, Fatai Rolling Dollar ti lé ní àádọ́rin ọdún kí orin rẹ̀ tó tún gba ìgboro.

Mo gbà pé ìka àgbà a máa le, àti pé ọ̀pọ̀ ọlọ́wọ́ dídùn ló kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá wọn kàn. Ṣùgbọ́n mo mọ bàbá káfíńtà kan ní Sawmill, tí òòlù ti sọ èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ di dúdú, tó kọ́ dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀fà nígbà èwe. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ kò jẹ́ kó ra dùùrù rí. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ dùùrù fún wa kó lọ sí Èkó, bàbá yìí jókòó, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń tẹ ohùn ìsàlẹ̀ láìyẹsẹ̀, ọ̀tún sì ń dárà lórí rẹ̀. Ní báyìí, àwọn ará Òró àti Ọ̀mù-Àrán náà ń ránṣẹ́ pè é fún ìkórè wọn.