Oògùn aràn kọ́ ló ń gé DNA aràn dànù

Ohùn kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní oògùn aràn tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ nílé ìwé máa ń gé DNA aràn, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, dànù, pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe gé tọmọ. Irọ́ ni, ẹ̀yin òbí.

Òótọ́ kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kàn dojú rẹ̀ délẹ̀ ni. Aràn gbọọrọ inú ìfun, Ascaris, máa ń já apá kan DNA rẹ̀ dànù lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, nígbà tó ṣì jẹ́ ọlẹ̀ nínú ẹyin. Ẹyin yìí kì í sì í dàgbà nínú ikùn ọmọ rárá: inú ilẹ̀ tútù lẹ́yìnkùlé, níbi tí ìgbẹ́ já sí, ló ti ń ṣe é. Bí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ bá ti pín ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan, kúrómósómù (okùn tó gbé DNA) àwọn tí yóò di ara á kán. Èyí tí wọ́n nílò á dúró, ojú ibi tó kán á jinná, ìyókù á jẹrà. Sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ẹyin tàbí àtọ̀ nìkan ni kì í pàdánù ohunkóhun. Theodor Boveri, ará Jámánì, ti rí i lára aràn inú ẹṣin ní 1887, nígbà tí albendazole, oògùn aràn tí à ń sọ yìí, kò tíì sí láyé.

Iṣẹ́ albendazole yàtọ̀: kì í jẹ́ kí aràn rí súgà fà sára mọ́, ebi ni yóò pa á. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lò ó. Aboyún tí oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta ni kó má ṣe lò ó.