Kí Lo Lọ Rà Níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mi ò jẹ gbèsè, wọn ò lé mi níbi iṣẹ́, ọlọ́pàá ò sì wá mi dé ibì kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí mi tí mò ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì lánàá, mo kàn ń rìn ni. Èmi náà mọ̀ pé ní Ìjẹ̀bú-Òde, "mo kàn ń rìn ni" kì í ṣe èsì tó ṣeé gbà lẹ́nu ọmọ tó ti Ìlú Ọba wá ṣe Ojúde Ọba. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Devon ni mò ń gbé. Oṣù kẹta tí mo débẹ̀, ọ̀gá mi obìnrin níbi iṣẹ́ bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní mo fẹ́ sùn. Ó ní kí n bá òun àti ọkọ òun lọ rìn.

Mo ní, "Lọ síbo?"

Ó ní, "Ká ṣáà rìn."

Mo ní, "Ta la fẹ́ lọ kí?"

Ó wò mí, èmi náà wò ó.

Ó fa ìwé pélébé kan yọ. Wọ́n to ìrìn síbẹ̀ bí olóúnjẹ ṣe ń to ọbẹ̀: máìlì méjì fún ẹni tó lọ́mọ lẹ́yìn, máìlì márùn-ún fún ẹni tó fẹ́ kébi pa òun díẹ̀, máìlì mọ́kànlá fún ẹni tí mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. A mú márùn-ún. Ó ní ó rọrùn. Ẹ̀yin ará mi, ẹ má gba "ó rọrùn" gbọ́ lẹ́nu òyìnbó tó wọ ṣòkòtò péńpé nínú òtútù.

Ó tún ní bàtà mi ò dáa, bàtà ìrìn wà lọ́tọ̀. 120 pọ́n-ùn. Mo ṣẹ́ ẹ sí náírà nínú ṣọ́ọ̀bù, mo wá àga jókòó. Ìyá mi fẹsẹ̀ lásán ru gààrí láti oko dé Ọjà Òkè-Ajé kí n lè rí bàtà wọ lọ síléèwé. Èmi wá ń ra bàtà kí n lè máa rìn bíi tiẹ̀, láìru nǹkan kan.

Ọ̀nà tá a gbà, South West Coast Path ni wọ́n ń pè é. Minehead ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bá etí òkun lọ gba Devon, ó yí Cornwall po, ó sì parí sí Poole ní Dorset: 630 máìlì. Téèyàn bá ro gbogbo òkè inú rẹ̀ pọ̀, wọ́n ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kéèyàn gun Everest lẹ́ẹ̀mẹrin. Fàyàwọ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Láyé àtijọ́ wọ́n ń jí ọtí àti tábà kó gba orí omi wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun sì ń fẹsẹ̀ wá wọn kiri, kò sí kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ lè sá sí tí wọn ò ní yọjú wò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà náà ò fi lọ tààrà: ó gun, ó sọ̀, ó tún gun. Fàyàwọ́ tán, ẹ̀ṣọ́ lọ, ó ku ọ̀nà. Wọ́n bá sọ ọ́ di fàájì.

Òkè tó ga jù lórí rẹ̀ gan-an ni wọ́n mú mi lọ, nítòsí Combe Martin, 318 mítà. Orúkọ rẹ̀ ni Great Hangman. Hangman! Ẹni tí ń fokùn sí èèyàn lọ́rùn! Ṣé orúkọ ibi tí wọ́n ń gbé àlejò lọ nìyẹn?

Mo gùn ún. Ní ìdajì, bàbá arúgbó kan tó fi ọ̀pá méjì tilẹ̀ kọjá lára mi, ó kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹsẹ̀ mi ní tí n bá lọ sílẹ̀, òun ò ní dìde mọ́. Gbogbo èèyàn ló ń kíni lórí òkè yẹn o. Mo rí obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi níbẹ̀, ẹni tí kò kí mi rí. Ó kí mi, ó tún sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ sí i. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè a pàdé nídìí pààntí, ó wò mí bí ẹni wo ògiri.

Lókè pátápátá, wọ́n tú búrẹ́dì wọn. Èmi náà tú tèmi: gààrí Ìjẹ̀bú tí ìyá mi fi ránṣẹ́, ṣúgà, ẹ̀pà, abọ́ rọ́bà, omi nínú ike. Mo da gààrí sábọ́. Kí n tó ṣí omi, afẹ́fẹ́ òkun dé. Gààrí gbéra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí eṣú. Ó wọ ọ̀gá mi lójú, ó kún irùngbọ̀n ọkọ rẹ̀. Àgùntàn kan tó dúró nítòsí lá imú, ó lá a lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ sì yí pa dà: kíkan ti dé eyín. Mo sáré lé ìyókù, mo fi ojúgun wọ ewé kan tó ń jóni bí èsìsì, wọ́n wá ní kí n wá ewé mìíràn fi pa á. Ẹ̀pà nìkan ló ṣẹ́ kù.

A bá sọ̀ kalẹ̀, a rìn, a rìn. Mo ń retí ibi tá à ń lọ. Ibo la dé? Ìdí ọkọ̀ wa. Ibi tá a gbé e sí láàárọ̀!

Mo pe ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Kí lo lọ rà níbẹ̀?"

"Mi ò ra nǹkan, Màámi."

"Ta lo lọ rí?"

"Mi ò rí ẹnì kankan."

"Ibo lẹ wá rìn dé?"

"Ìdí ọkọ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ò ń gbàdúrà?"

Ẹ ó bi mí pé kí ló tún gbé mi pa dà síbẹ̀. Bàtà ni! Tí mo bá rìn lẹ́ẹ̀kan, ìrìn kan di 120 pọ́n-ùn. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó di 12. Mo ti rìn lẹ́ẹ̀mẹrìnlélógún báyìí, ó ti bọ́ sí pọ́n-ùn márùn-ún, mi ò sì tíì gbà pé owó mi ti pé. Ọ̀fẹ́ sì tún ni ọ̀nà náà, nílùú tí wọ́n ti ń gbowó tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n. Ilẹ̀ jẹ́ ti àgbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọfà aláwọ̀ ìyeyè bá ti wà lára géètì, òfin ò gbà kó dí ọ̀nà. Mo dúró láàárín oko kan, mo rántí pé lóṣù karùn-ún 1892, àwọn baba àwọn èèyàn yìí gbé ìbọn wá bá wa ní Ìmàgbọ̀n torí pé a dí ọ̀nà òwò mọ́ wọn. Ká ní a mọ̀ pé ìrìn ló wù wọ́n tó báyìí, à bá kan ọfà mọ́ igi, kí wọ́n máa lọ, ká máa ta gààrí fún wọn lẹ́nu géètì.

Ọ̀rọ̀ àná ní Ìjẹ̀bú-Òde wá nìyí. Aago mẹ́fà ààbọ̀, mo wọ bàtà mi, mo jáde ní Pòrógun, mo forí lé Òkè-Èrì. Mo ní àwa náà ní Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú po, tó tó 160 kìlómítà, tó ga tó 20 mítà níbòmíràn. Ká ní Devon ló wà, wọn ì bá ti máa ta tíì nídìí rẹ̀.

Mi ò débẹ̀. Ọlọ́kadà àkọ́kọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gùn, èyí tẹ́ ẹ bá ní lẹ ó san." Mo ní mò ń rìn ni. Kò lọ. Ó rọra ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn bí ọkọ̀ ìsìnkú. Ìyá alákàrà kan wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó wé àkàrà mẹ́ta fún mi, ó ní Ọlọ́run á ṣe é. Ẹnì kan tá a jọ lọ síléèwé já ọkọ̀ dúró, kò bi mí ní nǹkan, ó kàn ṣílẹ̀kùn. Ó ti ní kò sí ohun tójú ò rí.

Mo délé. Wọ́n ti pe ìyá mi lẹ́ẹ̀mẹta. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ti jókòó sí pálọ̀, kò sẹ́ni tó tan tẹlifíṣọ̀n. Mo sọ ti Devon, mo sọ ti òkè, mo sọ ti àgùntàn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú wọn ń rọ̀ sí i. Ìyá mi bá tú etí ìró rẹ̀, ó ká 2,000 náírà sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n má jẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀.

Mo gbà á. Mo ti yọ ọ́ kúrò lára owó bàtà.