Orúkọ àwọn tó kú nínú ìjà Òrè dà?

"Ó le kú, ìjà Òrè!" Ìyá aláta máa ń sọ ọ́ nígbà tí owó tòmátì bá fò sókè lọ́jà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò á sọ ọ́, á tún fi ẹ̀rín sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn kò tíì bí lọ́dún 1967. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìjà gidi ni, pé ọmọ ọlọ́mọ kú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu gbogbo wa, ṣùgbọ́n àwọn tó fi ẹ̀mí wọn dá a sílẹ̀ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní oṣù kan, ni àwọn ọmọ ogun Biafra gba orí afárá Odò Ọya kọjá láti Onitsha. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Benin ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Victor Banjo ló kó wọn sòdí, ọmọ Yorùbá tí Ojukwu, olórí Biafra, tú sílẹ̀ ní àtìmọ́lé. Èkó ni wọ́n ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, àmọ́ Òrè ni ìrìn náà parí sí. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, ẹgbẹ́ ogun kejì tí Murtala Muhammed ń darí ti gba Benin padà fún ìjọba àpapọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà ni wọ́n yìnbọn pa Banjo ní Enugu, àwọn tó rán an níṣẹ́ gan-an ló pa á.

Banjo, Murtala, Ojukwu, Gowon. A mọ orúkọ àwọn ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ogun Kírìjì: Látòósà àti Ògèdèǹgbé là ń kì, a kì í ki ẹni tó gbé àpò ẹ̀tù tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá lè dárúkọ ṣọ́jà ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣubú ní Òrè, tí kì í sì í ṣe mọ̀lẹ́bí rẹ̀, kó na ọwọ́ sókè.

Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àti iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó kú níbẹ̀ sára òkúta ní Òrè, ti ìhà méjèèjì, lórí òkúta kan náà. A ò bèèrè ère. Ọ̀gágun orí ẹṣin kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ṣágámù sí Benin mọ Òrè dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń yà kí èrò lè jẹun. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń dúró ni àwọn ọmọdé á ti sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú ìpékeré nínú ọ̀rá. Nínú búkà, ẹni tó ń lọ sí Onitsha àti ẹni tó ń bọ̀ wá sí Èkó á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n á fọwọ́ sínú abọ́ omi kan náà, ẹni kan á sì ní kí èkejì bá òun na ike ata. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, dírẹ́bà á fọn fèrè, oníkálùkù á wọ ọkọ̀. Ibí yìí ni bàbá ẹni àkọ́kọ́ àti bàbá ẹni kejì ti lè dojú ìbọn kọ ara wọn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ja ogun abẹ́lé, láti 1861 sí 1865, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń rántí rẹ̀ sì ní ẹ̀kọ́ nínú fún wa, rere àti búburú. Ní Gettysburg, níbi tí wọ́n ti fi ọjọ́ mẹ́ta jà ní oṣù Keje ọdún 1863, òkúta àti ọwọ̀n ìrántí tó wà lórí pápá náà lé ní 1,300. Púpọ̀ nínú wọn, àwọn ṣọ́jà tó kù láyé ló dá owó rẹ̀ jọ fún ẹgbẹ́ ogun wọn. Èyí tó wú wa lórí jù ni àwọn òkúta kékeré tí wọ́n ń rì sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, láti fi hàn ibi tí ìlà ẹgbẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Tí o bá dúró láàárín méjèèjì, ibi tí wọ́n dúró sí gan-an lo wà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti ẹgbẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kẹrìnléláàádọ́ta ti Massachusetts. Aláwọ̀ dúdú ni àwọn ṣọ́jà rẹ̀, òyìnbó ni ọ̀gá wọn, Robert Gould Shaw, ọmọ ọdún 25. Dọ́là 13 ni ṣọ́jà òyìnbó ń gbà lóṣù. 10 ni wọ́n fẹ́ san fún àwọn aláwọ̀ dúdú yìí, wọn yóò sì tún yọ 3 níbẹ̀ fún aṣọ. Wọ́n kọ owó náà, wọ́n ń jà lọ́fẹ̀ẹ́ ju ọdún kan lọ, títí ìjọba fi gbà ní 1864 láti san án dọ́gba. Ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1863, wọ́n gba orí yanrìn etí òkun kọlu odi Wagner, odi àwọn ará Gúúsù tí wọ́n ń bá jà, nítòsí Charleston. Àwọn tó kú, tó fara gbọgbẹ́ àti tó sọnù nínú nǹkan bí 600 lé ní 250. William Carney, tí wọ́n bí sóko ẹrú, gbé àsíá wọn padà pẹ̀lú ọgbẹ́ lára, kò jẹ́ kó kan ilẹ̀. Wọ́n sin Shaw pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sínú kòtò kan. Ọ̀tá rò pé àbùkù nìyẹn. Bàbá Shaw ní kí wọ́n má hú ọmọ òun kúrò láàárín wọn.

Ní 1897, wọ́n ṣí ère idẹ fún ẹgbẹ́ yìí ní Boston. Iṣẹ́ ọwọ́ Augustus Saint-Gaudens ni, ó sì gbà á tó ọdún mẹ́rìnlá. Shaw nìkan lórí ẹṣin ló kọ́kọ́ wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn ẹbí Shaw ló ní kò dáa bẹ́ẹ̀, àfi kí àwọn ṣọ́jà wà níbẹ̀. Ère náà rẹwà. Síbẹ̀, orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, ti àwọn ọ̀gá òyìnbó tó kú ni. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 kí wọ́n tó kọ ti àwọn aláwọ̀ dúdú tó kú ní Wagner síbẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn fi ní ojú nínú idẹ láìní orúkọ.

Ti Òrè ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: ẹ má tú ọgbẹ́ tó ti jiná. Ta ló sọ fún wọn pé ó ti jiná? Àtakò kan wà tó wúwo ju ìyẹn lọ. Ẹgbẹ́ ogun kejì tó gba Benin padà yìí náà ni àwọn ṣọ́jà rẹ̀ dé Asaba ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967, tí wọ́n pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí kò gbé ìbọn. Gowon fúnra rẹ̀ ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Asaba. Nítorí náà, a ò fẹ́ "akọni" tàbí "olùgbàlà ilẹ̀ wa" lára òkúta Òrè. Orúkọ ẹni, ìlú rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n. Ó tó.

Láyé ogun àwọn baba wa, bí jagunjagun bá kú sọ́nà jíjìn, wọ́n á gé irun orí àti èékánná rẹ̀ wálé, kí àwọn ará ilé lè rí nǹkan sin. Àwọn tó kú ní Òrè ńkọ́?

Iṣẹ́ náà kò rọrùn, a mọ̀. Nọ́ńbà iṣẹ́ wà fún ṣọ́jà ìjọba, orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé owó oṣù rí. Kí iléeṣẹ́ ológun ṣí ìwé yẹn. Ti ìhà Biafra yóò ṣòro jù, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ìlú àti ìjọ Ọlọ́run ní Ìlà-oòrùn ni wọn yóò ti máa béèrè, abúlé kan lẹ́yìn èkejì. Ní Òrè fúnra rẹ̀, ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní márùndínlọ́gọ́rin báyìí. Bí wọn ò bá tètè lọ jókòó tì í kó sọ ibi tó rí tí wọ́n sin òkú sí, yóò gbé e lọ.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdọọdún, ọjọ́ tí ogun náà parí ní 1970, ìjọba máa ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ ní Abùjá, wọ́n á fi òdòdó lélẹ̀ fún ṣọ́jà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n máa ṣe é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọjọ́ náà gbé ìwé orúkọ àkọ́kọ́ jáde, ti Òrè, bó tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n má to orúkọ ní ipò oyè. Bí Tiv bá bọ́ sáàárín Ígbò méjì, kí wọ́n fi síbẹ̀. Banjo kò sí níbẹ̀, torí kò kú ní Òrè, ọ̀gá sì ni. Kí wọ́n sì fi ìdajì òkúta náà sílẹ̀ lófìfo, torí àwọn tí wọ́n máa rí orúkọ wọn lọ́dún tó ń bọ̀.