Ojú Ọ̀run Tí Ó Mọ́ Kò Sọ Nǹkan Kan fún Ẹni Tí Ó Wà Nínú Àfonífojì

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan tí mo bọ̀wọ̀ fún kọ ọ̀rọ̀ kan sí orí WhatsApp àwa Yorùbá tí a jọ máa ń gun òkè ní agbègbè Las Vegas níbí. Ìyá ọlọ́mọ kan ni ó bèèrè bóyá ó bójú mu kí òun kó àwọn ọmọ òun lọ rìn nínú odò ní Zion, ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní gúúsù ìpínlẹ̀ Utah, ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò oní-ààrá máa ń rọ̀ léraléra ní apá ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé kí ó wo ojú ọ̀run kí ó tó wọlé; wọ́n ní bí oòrùn bá ń ràn tí kò sì sí ìkùukùu lórí rẹ̀, kò sí omi tí yóò bá a níbẹ̀. Kí n tó jí ní òwúrọ̀, ènìyàn mẹ́rìnlá ti fi àtàǹpàkò sí ọ̀rọ̀ náà, ìyá ọlọ́mọ náà sì ti dúpẹ́.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi. Mo gbọ́ ọ níbi tí a ti ń páàkì ọkọ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọkùnrin tí ó ta bàtà odò fún mi, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó gbàdúrà fún wa kí a tó gbéra. Kì í ṣe òótọ́, ó sì ti pa ènìyàn. Òjò tí ó ń fa ikú nínú àfonífojì tóóró lè má kan onítọ̀hún lórí rárá. Ibòmíràn ni ó ti rọ̀, lórí òkè tí ẹni náà kò lè rí, ó sì lè jẹ́ pé ó ti dá kí omi rẹ̀ tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n mú àfonífojì tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Antelope Canyon, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìkan tó láti parí àríyànjiyàn yìí. Orí ilẹ̀ àwọn Navajo, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó wà, nítòsí ìlú Page ní ìpínlẹ̀ Arizona. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ihò gígùn tí ẹnu rẹ̀ kò ju ilẹ̀ tí ó sán lọ, débi pé ẹni tí ó ń bọ̀ láti òkèèrè kò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ àfi tí ó bá dé etí rẹ̀. Àkàsọ̀ ni wọ́n ń gbà sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, àwọn àlejò wà ní ìsàlẹ̀ ihò náà, òjò tí ó sì rọ̀ níbi tí wọ́n wà ní ọjọ́ yẹn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ máìlì sí òkè, òjò oní-ààrá ti da omi púpọ̀ sí orí ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn sínú ihò yìí, omi náà kó ara rẹ̀ jọ, ó sì gba ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ní. Àlejò 11 ni ó kú: 7 láti ilẹ̀ Faransé, 2 láti Amẹ́ríkà, 1 láti Bìrìtéènì, 1 láti Sweden. Nínú àwọn tí omi gbá mú níbẹ̀, amọ̀nà wọn nìkan ni ó yè. Àkàsọ̀ onígi tí wọ́n gbà sọ̀kalẹ̀, omi gbé e lọ. Lónìí, wọ́n ti kan àkàsọ̀ mọ́ ara àpáta, wọ́n sì ti gbé àwọ̀n sí òkè ihò, èyí tí wọn yóò jù sílẹ̀ bí omi bá tún ká ènìyàn mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ojú ọ̀run tó wò kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí àwọ̀n yẹn fi wà níbẹ̀. Àní orúkọ tí àwọn Navajo fún apá òkè ibẹ̀ túmọ̀ sí ibi tí omi ti ń gba àárín àpáta kọjá. Àwọn onílẹ̀ ti sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Ilẹ̀ apá gúúsù Utah àti àríwá Arizona jẹ́ àpáta gbalasa, erùpẹ̀ orí rẹ̀ kò nípọn, koríko rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà òjò tí ó bá rọ̀ sí i kò rí ibi wọ̀ sí. Ṣe ni ó ń ṣàn lọ bí ẹni pé orí páànù ni ó rọ̀ sí. Ẹni tí ó bá gbé garawa sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀kán òjò tí ó ń bọ́ tààrà sínú garawa ni ó ń kún un, bí kò ṣe omi gbogbo orí ilé tí ó kóra jọ sí ojú kan. Àfonífojì ni garawa. Orí ilé náà lè gbòòrò tó ọ̀pọ̀ máìlì, kí ẹni tí ó dúró nínú garawa má sì rí etí rẹ̀ rárá.

Ní Zion, níbi tí ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ibi tí wọ́n ń pè ní The Narrows gùn tó máìlì 16, odò Virgin ni ó gbẹ́ ẹ. Ògiri àpáta rẹ̀ ga tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà ní àwọn ibì kan, àlàfo tí ó wà láàárín ògiri méjèèjì sì lè máà ju 20 sí 30 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Kí ni ènìyàn ń rí bí ó bá gbójú sókè níbẹ̀? Ọ̀run tí kò fẹ̀ ju ọ̀já ìyá ọlọ́mọ lọ. Orí ilẹ̀ gíga tí ó wà lókè lọ́hùn-ún ni omi odò náà ti ń wá, òjò sì lè máa rọ̀ níbẹ̀ bí ẹni tú u dànù, kí ọ̀já tí ẹ ń wò má fi ìkùukùu kan hàn yín. Tẹlifóònù pàápàá ń tan ènìyàn jẹ, nítorí ojú ọjọ́ Springdale tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ọgbà náà ni púpọ̀ nínú wa ń wò, kì í ṣe ti ibi tí omi ti ń bọ̀.

Mo rí èyí fúnra mi. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àwa mẹ́rin wọ inú odò náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ. Oòrùn ràn, ojú ọ̀run mọ́ kedere, omi kò sì ju orúnkún wa lọ; ó mọ́ gaara débi pé mo ń rí ìka bàtà mi lórí òkúta. Ní ibì kan, mo rí ewé igi páìnì gbígbẹ tí ó há sínú lílà àpáta, ní òkè orí mi dáadáa, mo sì rò pé ìtẹ́ ẹyẹ ni. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn bí wákàtí méjì, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì dúró, ó ní kí a wo omi. Ewé páìnì tútù àti èèpo igi wẹ́wẹ́ ti ń léfòó kọjá láàárín ẹsẹ̀ wa, omi tí ó mọ́ gaara sì ti ń ní àwọ̀ tíì tí a bu mílíìkì sí. Òjò kankan kò rọ̀. Oòrùn ṣì wà lára ògiri lókè.

Ó ní kí a gun ibi gíga lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan nínú wa fẹ́ jiyàn, pé òun kò rí ìkùukùu, ṣùgbọ́n a ti ń gun bèbè oníyanrìn kan tí igi ńlá hù sí. Mo fi ojú sun òkúta funfun kan tí ó tó orí ènìyàn, tí ó dúró gedegbe ní etí omi. Kí n tó bọ́ bàtà mi, kí n gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù, kí n sì tún un wọ̀, omi ti dé àárín òkúta náà. Nígbà tí mo tún gbójú wò ó, góńgó orí rẹ̀ nìkan ni ó kù, lẹ́yìn náà n kò rí i mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ariwo dé, bí ìgbà tí tírélà bá ń sáré lórí afárá onírin, odindi igi sì gba iwájú wa kọjá, tìgbòǹgbò tìgbòǹgbò. A jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tí ó gbé ewé páìnì dé inú lílà àpáta, àti bí omi ọjọ́ yẹn ti ga tó.

Antelope nìkan kọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1976, òjò ńlá rọ̀ sí apá òkè Big Thompson Canyon ní ìpínlẹ̀ Colorado láàárín wákàtí díẹ̀, ènìyàn tí ó lé ní 140 sì kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní apá ìsàlẹ̀, níbi tí òjò kò ti pọ̀, wọn kò sì mọ ohun tí ń bọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1999, ènìyàn 21 kú nínú àfonífojì odò Saxetenbach ní Switzerland nígbà tí àgbàrá ti òkè wá bá wọn.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé àwa kọ́ ni ó yẹ kí ó máa sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. A máa ń sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dúró nínú odò, a kì í rántí bi ara wa pé níbo ni orísun náà wà. Apá Ṣakí lọ́hùn-ún ni odò Ògùn ti ṣẹ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá kí ó tó dé ọ̀sà Èkó. Ẹ bi àwọn ará Ìṣẹrì bóyá ó di dandan kí òjò rọ̀ ní Ìṣẹrì kí odò náà tó wọ àgbàlá wọn.

Àwọn kan yóò ní àwọn ti lọ nígbà mẹ́wàá tí nǹkan kan kò ṣe. Inú mi dùn fún wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo òjò orí òkè ni ó ń di àgbàrá ní ìsàlẹ̀, àti pé àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ojú ọjọ́ pàápàá kò lè tọ́ka sí ihò kan pàtó kí wọ́n ní níbí ni.

Síbẹ̀, wọ́n ń sọ èyí tí wọ́n lè sọ, ó sì sàn ju ojú ọ̀run lọ fíìfíì. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ máa ń gbé ìpele ewu àgbàrá jáde lójoojúmọ́ fún agbègbè Zion: a kò retí rẹ̀, ó ṣeé ṣe, ó ṣeé ṣe gan-an, a ń retí rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ìpele kẹta ni ó wà. Kí ọjọ́ náà tó parí, ènìyàn 7 ti kú sínú Keyhole Canyon nínú ọgbà náà. Àwọn olùṣọ́ ọgbà sì máa ń ti The Narrows pa nígbà tí ìkìlọ̀ àgbàrá bá jáde, tàbí nígbà tí omi tí ń ṣàn kọjá bá ju 150 ẹsẹ̀ bàtà oníkíúbíìkì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó lé ní lítà 4,200. Tábìlì wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ dé ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọlé. Bí omi bá yí àwọ̀ padà, tí igi wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, tàbí tí ẹ gbọ́ ìró tí ẹ kò mọ ibi tí ó ti ń wá, ẹ gun òkè. Ẹ má sáré tẹ̀lé odò lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ má sì dúró wo ìkùukùu.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ìyá ọlọ́mọ náà lọ́tọ̀. Ó bi mí pé kí ni kí òun wá ṣe, nítorí àwọn ọmọ ti ń ka ọjọ́. Mo ní kí ó kó wọn lọ sí Pa'rus Trail nínú ọgbà kan náà: ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣe tẹ́jú ni, ó gba ẹ̀gbẹ́ odò níbi tí àfonífojì ti fẹ̀ tí ojú sì ti ríran jìnnà, wọ́n sì gba kẹ̀kẹ́ láàyè níbẹ̀. Ó ní èyí àbígbẹ̀yìn òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ kẹ̀kẹ́ gùn ni, ibẹ̀ ni wọn yóò sì lọ.