Eré ìje mọ́tò lóru: ẹ̀ṣẹ̀ ni, bí kò tilẹ̀ gbá ẹnikẹ́ni

Ọ̀pọ̀ ti ń pín in kiri pé bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń fi mọ́tò sáré ìje ní Ring Road n'Ìbàdàn lóru, tí wọn ò gbá ẹnikẹ́ni, ₦3,000 péré ni ìyà wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

₦3,000 wà lóòótọ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Owó ìtanràn ẹni tó kọjá ìwọ̀n eré ni. Wíwakọ̀ lọ́nà eléwu, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ ni: ₦50,000. Ẹ wo àtẹ ẹ̀ṣẹ̀ lórí ìkànnì FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó: SLV ni àmì ti àkọ́kọ́, DGD ni ti èkejì.

Apá 343 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, tún fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún kan lé e fún ẹni tó bá fi ìwàǹwára wakọ̀ ní ọ̀nà tó lè pa ènìyàn lára. "Tó lè" ni kí ẹ dì mú. Òfin ò dúró dìgbà tí òkú bá sùn.

Ṣé ẹ ó ní títì ṣófo lóru ni? Àwọn tó ń ti ọjà alẹ́ bọ̀ ńkọ́? Ìwọ̀n eré láàárín ìlú jẹ́ 50 kìlómítà ní wákàtí. Ọkọ̀ tó bá sá 100, ìlọ́po mẹ́rin agbára tí ì bá ní ní 50 ló fi ń gbá nǹkan.