Jẹ́lé-ó-sinmi tí kò gbọ́ èdè ilé

Láti ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, ti kéde l'Ábújá pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ìwé kẹfà, ohùn àwọn onímọ̀ èdè àti ti àwọn tó ń dárò àṣà ló gba ìgboro. A kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìpinnu náà pa lára jù kò sí nínú àwọn tó ń pariwo, nítorí pé ọmọ ọdún 3 ni, ìyá rẹ̀ sì wà lọ́jà. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni a fẹ́ sọ.

Ìdí tí mínísítà fi lélẹ̀ ni pé àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ wọn ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ń ṣírò. Ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà náà. Ọmọ ọdún 4 tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ọjọ́ kejì ìfọwọ́sí yẹn kò tíì ju ọmọ ọdún 7 lọ nígbà tí mínísítà ń sọ̀rọ̀. Èwo nínú wọn ló ti jókòó ṣe WAEC? Mínísítà tó wà nípò nígbà náà, Adamu Adamu, fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé yóò gba àkókò, nítorí pé a ní láti ṣe ìwé, a sì ní láti wá olùkọ́. Ìwé kò tíì délé, olùkọ́ kò tíì pé, wọ́n ti ní oko tí a kò tíì gbìn kò so èso rere. Àbájáde ìpàdé Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe l'Ákùúrẹ́, láàárín ilẹ̀ Yorùbá níbí, sì nìyẹn.

Ẹ̀rí tó yẹ kí wọ́n bi léèrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní iléèwé St. Stephen's tó wà ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1992. Orí ìjókòó kan náà ni Dókítà Alausa wà lónìí.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí àríyànjiyàn èdè gba ọ̀rọ̀ àwọn òbí mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo. Orúkọ tí a ń pe iléèwé ọmọdé ti sọ ohun tó wà lọ́kàn wa: jẹ́lé-ó-sinmi. Kí ọmọ kúrò nílé, kí ilé sinmi. A ti kọ ọ́ lójú ìwé yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ohun tó ń lọ lọ́wọ́ láàárín ọdún 3 sí 5 kì í ṣe ìsinmi fún ẹnikẹ́ni. Ọpọlọ ọmọ kì í dúró de ìwé kìíní. Kí ó tó pé ọdún 6, ó ti súnmọ́ ìwọ̀n ti àgbà. Ìgbà yẹn ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fetí sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dúró kó kàn wọ́n, bí wọ́n ṣe ń béèrè pé kí ló dé, àti bí wọ́n ṣe ń rántí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn títí ìtàn yóò fi parí. Kò sí òbí Yorùbá tí kò mọ òwe tó ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò là yé wọn ni pé àkókò jẹ́lé-ó-sinmi gan-an ni àkókò ìpẹ̀ka náà.

Iṣẹ́ yìí kò sì ṣàjèjì sí ìyá tó wà lọ́jà. Nígbà tó bá ń to ata rodo sórí àwo ní márùn-ún márùn-ún, tó ní kí ọmọ bá òun ka iye àwo tó kù, ìṣírò ló ń kọ́ ọ. Nígbà tí ìyá àgbà bá ń pàlọ́ ìjàpá, tó dúró lágbedeméjì, tó béèrè pé kí ni wọ́n rò pé ìjàpá máa ṣe, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ronú. Bí ọmọ bá ń ka "ení bí ení, èjì bí èjì" lójú ọpọ́n ayò, nọ́ńbà ti ń wọ̀ ọ́ lára. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tó mọṣẹ́ kàn ń mú gbogbo èyí, ó ń tò ó ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó sì ń fi kún un ni. Nítorí náà, ìjọba tó bá sọ fún ìyá yìí pé èdè ẹnu rẹ̀ kò wúlò nínú kíláàsì ti sọ fún un pé òun náà kò ní ohunkóhun tó lè fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan náà yóò wá máa ráhùn pé àwọn òbí kò mọyì ẹ̀kọ́ ọmọdé.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ òbí fi ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ẹnu ọmọ díwọ̀n iléèwé. Wọ́n ń san owó gọbọi ní àwọn iléèwé aládàáni tí wọ́n ti ń na ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá, tí wọ́n ti ń fún ọmọ ọdún 3 ní iṣẹ́ àṣetiléwá, tí wọ́n sì ń wọ ẹ̀wù àwọn ọmọ yunifásítì fún un nígbà tó bá pé ọdún 5. (Owó yíyá ẹ̀wù náà tún wà lọ́tọ̀.) Ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Ó yẹ kí kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi iléèwé ìjọba fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹní kan, àga tó ti dá lẹ́sẹ̀, àti olùkọ́ kan tí wọ́n fi síbẹ̀ nítorí pé wọn kò rí ibòmíràn fi í sí ni òbí yóò bá. Ìwádìí tí ìjọba àti UNICEF ṣe ní ọdún 2016 sí 2017 fi hàn pé nǹkan bíi 36 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún 3 sí 4 ní Nàìjíríà ló ń gba irú ẹ̀kọ́ yìí.

Kì í ṣe pé ìjọba kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá òbí sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bíi 457,000 sí nǹkan bíi 811,000. Ọmọ tí kò ní ìwé ọjọ́ orí, wọ́n ní kó na ọwọ́ gba orí kọjá kó fi kan etí òdìkejì, gbogbo òbí tó dúró síbẹ̀ sì rí ohun tí wọ́n ń wò. Títí di òní, bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ kí ìyá mọ ìwúlò abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ọmú, orin Yorùbá ló máa ń dá, àwọn ìyá á sì máa gbè é. Kí ló dé tí kò sí orin kan fún jẹ́lé-ó-sinmi? Àwọn ìyá kan náà ló ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Ẹ bá wọn sọ ọ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti ọdún 2004 ka ẹ̀kọ́ ọmọdé mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré nìkan ló fi dandan gbọ̀n fún. Nínú owó tí UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀ tó bá mú ìdajì tiwọn wá, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún jẹ́lé-ó-sinmi. Ìdá 5 yìí náà, àwọn ìpínlẹ̀ kan kì í rí gbà, nítorí pé wọn kì í mú tiwọn wá.

Èyí ló mú wa yíjú sí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá. Òfin orílẹ̀-èdè fi àyè sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ láti ṣòfin lórí ètò ẹ̀kọ́, ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ní òfin tiẹ̀ láti ọdún 2018 tó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan nínú gbogbo iléèwé, títí kan ti aládàáni. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣe fi Ábújá bojú. Kí wọ́n kéde, kí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, pé Yorùbá ni wọn yóò fi kọ́ ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba, kí wọ́n gba olùkọ́ tó kọ́ iṣẹ́ ọmọdé, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì náà fún àwọn ìyá ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kí wọ́n wá fojú ara wọn rí ohun tó ń lọ níbẹ̀.

Ní ti mínísítà, a ní ẹ̀bẹ̀ kan. Kí ó tó tún pe ìpàdé mìíràn, kí ó lọ jókòó lórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 3 ní iléèwé ìjọba kan ní Ṣakí tàbí ní Ìlàjẹ, kí ó fi wákàtí kan kọ́ wọn ní ohunkóhun tó bá wù ú, ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kí ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbọ́.