Àwo Bàbá, Fáàrí Ọmọ

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn tẹ́nu ní Èkó, àti àwọn tí ọwọ́ wọn kò tẹ́nu ṣùgbọ́n tí wọ́n ń díbọ́n, kò sí ẹni tí ó tún fẹ́ kí a gbọ́ pé orí fóònù ni òun ti ń gbọ́ orin. Àwo ni wọ́n ń gbọ́ báyìí: àwo dúdú ńlá tí ihò wà láàárín rẹ̀, èyí tí àwọn bàbá wọn rọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì gbòde, tí àwọn ìyá wọn sì ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọdún gbọọrọ pé kí ẹnìkan jọ̀wọ́ bá àwọn kó o kúrò nílẹ̀. Àwọn àwo ilé-iṣẹ́ Decca, Philips àti EMI tí eruku ti bò láti ìgbà ìjọba ológun ti wá di ohun tí ọmọ ìyá kan náà ń torí rẹ̀ bínú síra wọn, tí ẹ̀gbọ́n ń sọ pé òun ni bàbá fi wọ́n lé lọ́wọ́, tí àbúrò sì ń béèrè pé níbo ni ó wà nígbà tí eku ń jẹ páálí wọn. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i. Ohun tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń rà láti fi gbọ́ àwọn àwo náà, àti bí wọ́n ṣe ń yàn án.

Ojú ni wọ́n fi ń yàn án. Ẹ tẹ̀lé ọ̀kan nínú wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tà á, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé ṣé aláwọ̀ ewé wà. Bí olùtajà bá ní pupa nìkan ló kù, yóò ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kí ìyẹn lè bá a wò ó bóyá yóò bá kọ́tìnì mu. Kò ní béèrè irú abẹ́rẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, abẹ́rẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Mo wà níbi àpèjọ kan bẹ́ẹ̀ ní Ìkòyí. Ẹni tí ó gbà wá lálejò ní kí a wá gbọ́ àpàlà bí ó ṣe yẹ kí a gbọ́ ọ. Ó yọ àwo Haruna Ishola kan jáde nínú páálí rẹ̀, ó fẹnu fẹ́ eruku orí rẹ̀ títí itọ́ fi ta sí i, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu itọ́ náà, ó sì gbé e lé ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé kan, irú èyí tí wọ́n ṣe ní àpótí ìrìn-àjò tí ó ní ìdè idẹ àti ọwọ́ ìgbámú. Àwo náà tóbi ju ojú ẹ̀rọ lọ. Etí rẹ̀ yọ síta yíká. Ó gbé páálí rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, ó ya àwòrán, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un yà. Lẹ́yìn èyí ni ó wá sọ fún wa pé ohun tí òun fẹ́ràn jù lára àwo ni pé ohùn rẹ̀ ní ọ̀yàyà, pé kò sí nọ́ńbà kọ̀ǹpútà kankan láàárín etí òun àti àgídìgbo. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ẹ̀rọ fi dún píì, tí ó fi hàn pé Bluetooth rẹ̀ ti so mọ́ gbohùngbohùn kékeré kan, ìyẹn sípíkà, tí ó wà lórí fìríìjì. Bluetooth kì í gbé ohùn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di nọ́ńbà, kí ó sì fún un pọ̀ kí ó lè ráyè kọjá nínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, ohun tí gbogbo àlejò dákẹ́ rọ́rọ́ láti gbọ́ lọ́jọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí fóònù ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ìbá lù fún wọn, àyàfi ariwo tí ń ta pàràpàrà bí àgbàdo nínú yanrìn gbígbóná, èyí tí olóde ń mi orí sí ju orin lọ.

Nígbà tí ojú kan tán, abẹ́rẹ́ dé àárín àwo, ó ń ha ṣọ́ọ̀, ṣọ́ọ̀, kò sí ẹni tí ó dìde. Mo ní kí ó yí i padà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé orin tún wà lẹ́yìn rẹ̀ ni?” Haruna Ishola, tí òun àti I.K. Dairo jọ dá Star Records sílẹ̀ ní 1969 kí olórin lè máa jẹ èrè àwo tirẹ̀, kò ní mọ èyí tí yóò wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àpótí aláràbarà yẹn ń ṣe. Ipa tóóró kan ni ó wà lójú àwo, tí ó lọ yíká láti etí dé àárín; ara ògiri ipa náà ni orin wà, abẹ́rẹ́ ń tọ̀ ọ́, ó sì ń gbọ̀n bí ògiri náà bá ṣe darí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ wúwo. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó yẹ, òṣùwọ̀n kékeré kan wà ní ìdí apá abẹ́rẹ́ tí a ń yí láti fi díwọ̀n bí abẹ́rẹ́ yóò ṣe tẹ àwo tó, èyí tí kì í sábà ju gíráàmù kan ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀ lọ. Lórí àpótí, kò sí nǹkan kan láti yí. Abẹ́rẹ́ lè tẹ àwo tó gíráàmù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ike ni apá rẹ̀, gbohùngbohùn rẹ̀ sì wà nínú àpótí kan náà tí ó fi ń jin abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀ bí ìlù bá ti wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni yóò ba àwo jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi gbọ́ àwo Obey kan náà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti ọdún dé ọdún, ńṣe ni ó ń gbẹ́ ohùn Obey kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà ní ìyàwó tí a bá gbé lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ. Ẹ̀rọ tí a bá yàn lójú Instagram, àwòrán ni a ó máa yà á títí.

Àwọn olówó inú wọn kì í ra àpótí. Technics SL-1200 ni tiwọn, ẹ̀rọ ará Japan tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1972, tí àwọn díjè gbogbo ayé sọ di irinṣẹ́ wọn nítorí pé mọ́tò rẹ̀ ń yí àwo láìní bẹ́líìtì, tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2010 tí wọ́n sì tún padà sí i ní 2016. Ẹ̀rọ gidi ni. N kò ní èébú fún un. Ẹni tí ó rà á ni mo ní ọ̀rọ̀ fún, nítorí pé àwo mẹ́fà péré ni ó ní, mẹ́ta nínú wọn kò sì tíì kúrò nínú ọ̀rá, ó ní òun kò fẹ́ kí iye wọn já wálẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ àwo láti gbọ́ kò ṣàì mọ ọ̀nà Jazzhole, ilé ìtàwé àti àwo ní Awolowo Road. Ilé ọkùnrin yìí kò jìnnà síbẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ń yí lófìfo lálaalẹ́ nítorí iná pupa kékeré tí ó ń tàn létí rẹ̀.

Ti àwọn ará Súrùlérè àti Yábà tún yàtọ̀. Tòkunbọ̀ ni wọ́n ń rà, mo sì fọwọ́ sí i, nítorí pé ẹ̀rọ àtijọ́ onírin àti onígi sàn ju ọ̀pọ̀ ike tuntun lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí. Ẹ̀gbọ́n kan ní Houston fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù, láàárín bàtà àti ọṣẹ. Àbúrò ki wáyà rẹ̀ bọ ihò iná ara ògiri, èéfín sì jáde, nítorí pé fólítì 120 ni iná Amẹ́ríkà, tiwa sì jẹ́ 230. Èyí tí ó gbọ́n díẹ̀ yóò ra tiransífọ́mà, yóò sì rò pé ó parí. Kò parí. Tiransífọ́mà ń dín fólítì kù, ṣùgbọ́n kò lè yí bí iná ṣe ń lù padà: ti Amẹ́ríkà ń lù nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń lù nígbà 50, mọ́tò ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ sì ń tẹ̀lé ìlù iná náà ni. Àwo tí ó yẹ kí ó yí ní ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan yóò wá máa yí ní nǹkan bí ìgbà 28. Gìtá Sunny Adé yóò máa tòògbé, ohùn rẹ̀ yóò wúwo, gángan yóò sì máa sọ ohun tí onílù kò sọ. Mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ kan ní Yábà, tí onílé ń ṣàlàyé fún àwọn àlejò rẹ̀ pé orin ìgbà yẹn kì í kánjú, pé àwọn ará ìgbà náà ní sùúrù. Nígbà tí NẸPA mú iná lọ, tí orin náà ń rọ̀ wálẹ̀ títí ó fi di ìkùnsínú, ó pa ojú dé, ó ní, “Ẹ gbọ́ ìyẹn.”

Bàbá kan wà ní Mùṣín tí ó ti ń tún rẹ́díò ṣe láti ìgbà tí rẹ́díògíráàmù ṣì jẹ́ ohun ọlọ́lá nínú pálọ̀. Àwọn aláwo tuntun ti di oníbàárà rẹ̀. Mo jókòó tì í nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé tòkunbọ̀ rẹ̀ dé, tí ó ti fi téèpù lẹ kọ́bọ̀ mẹ́wàá mọ́ orí apá abẹ́rẹ́ kí ó má baà máa fò. Bàbá kọ́kọ́ ṣí kọ́bọ̀ náà kúrò, ó fi sí àpò ara rẹ̀. Ó gbé abọ́ ẹ̀rọ sókè. Bẹ́líìtì abẹ́ rẹ̀ ti yọ́, ó fi ìka fà á, ó sì ń gùn ún tẹ̀lé bí ọ̀dà. Ó wá fa awò àwọn alágogo sójú, ó yọ abẹ́rẹ́, ó tẹjú mọ́ ọn títí.

“Ọmọ mi, èyí lo fi ń gbọ́ àwo?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Abẹ́rẹ́ ti tán lára rẹ̀. Ìṣó ló kù.”

Ó pe iye tí abẹ́rẹ́ àti bẹ́líìtì tuntun yóò jẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ẹ̀, ó ti pọ̀ jù, kí bàbá jọ̀wọ́ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná, kí ó kàn bá òun kun igi ara rẹ̀ kí ó máa dán, nítorí pé òun ní àlejò lọ́jọ́ Sátidé.

Owó kọ́ ni ìṣòro, nítorí pé ẹ̀rọ tí kò wọ́n, tí kì í sì í pa àwo, wà. Audio-Technica AT-LP60X jẹ́ ọ̀kan, owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì wà láàárín 100 sí 200 dọ́là. Ẹ tẹ bọ́tìnì, apá rẹ̀ yóò gbéra lọ sórí àwo fúnra rẹ̀, yóò sì padà sí àyè rẹ̀ nígbà tí ojú kan bá tán. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeé yọ kí a fi tuntun sí i. Kò ní ìdè idẹ. Phono, ìyẹn ohun tí ó ń gbé ohùn abẹ́rẹ́ ga tí ó sì ń tún un ṣe, sì wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn wa kì í béèrè. Ohùn tí abẹ́rẹ́ ń mú jáde kéré púpọ̀, àwọn tí wọ́n ṣe àwo sì ti mọ̀ọ́mọ̀ dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, tí wọ́n gbé ohùn òkè ga, kí orin lè gba ojú àwo, gẹ́gẹ́ bí ìlànà RIAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà, tí ó ti wà láti 1954. Phono ni ó ń dá gbogbo rẹ̀ padà sí ipò. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ tí kò ní in, tí ó sì so ó mọ́ gbohùngbohùn lásán, ohùn tín-ín-rín tí kò ní ìlù ni yóò gbọ́, yóò sì sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ ni Decca ṣe gbà á sílẹ̀. Ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ fi àwo 78 sílẹ̀ fún, àwọn tí ó nípọn tí ó sì tètè ń fọ́, ẹ̀rọ yìí kọ́ ni tirẹ̀: 33 àti 45 nìkan ni ó mọ̀, àwọn 78 sì nílò abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olùtajà, ẹ bi í bóyá abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, bóyá phono wà nínú rẹ̀, àti bóyá iná wa yìí ni mọ́tò rẹ̀ mọ̀. Ẹ ní kí ó gbé àwo lé e, kí ẹ sì gbọ́ ojú kan tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan àwo jùjú lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú tí akọrin fi ń ki àwọn olówó tí ẹ kò mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀ ni ẹ ṣì fẹ́ kọ́kọ́ béèrè, n kò bínú. Ẹ kàn ránṣẹ́ pè mí kí ẹ tó fi abẹ́rẹ́ kan àwo bàbá yín. Súrùlérè ni mo ń gbé, mo ní ọkọ̀, àyè sì wà lórí pẹpẹ mi níhà Obey. N ó fi páálí wọn sílẹ̀ fún yín, kí ẹ lè máa rí nǹkan gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó.